Ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ ra ilé ní ìsàlẹ̀ ìlú Fort McMurray, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà: ṣé páǹpù tó?

Àbúrò, o ní ilé náà súnmọ́ odò Clearwater, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa, o wá ń bèèrè bóyá páǹpù bésímẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, tó láti fi kojú omi nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Màá dé orí páǹpù. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí ná.

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, kì í ṣe òjò ló lé wa kúrò nílé. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn, tó gbọ́ ohun tí Ògùnpa fojú wọn rí lọ́dún 1980, ojú sánmà ló máa ń wò kó tó bẹ̀rù omi. Níbí, oòrùn lè mú ganrínganrín kí omi máa wọlé. Apá àríwá ni odò Athabasca, odò ńlá tí Clearwater ń ṣàn wọ̀, ń ṣàn lọ, apá gúúsù ló sì kọ́kọ́ ń móoru. Yìnyín apá gúúsù á fọ́, omi sínóò tó yọ́ á máa tì í bọ̀, nígbà tí yìnyín iwájú ṣì le gbagidi. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí odò ti tẹ́jú, àwọn àfọ́kù yìnyín á gun ara wọn lórí, wọ́n á dí ọ̀nà pa. Omi tí kò rọ́nà lọ á fẹ̀yìn rìn wọ Clearwater, Clearwater á sì da tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlú. Yìnyín tó dí odò lọ́dún yẹn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 25. Àwa bíi 13,000 la sá jáde, nígbà Kòrónà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ẹnikẹ́ni.

Nílé tèmi, ihò omi tó wà nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ló kọ́kọ́ hó yaya bí ìkòkò ẹ̀kọ, ó ń pọ ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn. Ẹ̀yìn ìyẹn lomi odò tó gba ojú fèrèsé. Fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Ìnṣọ́ránsì mi ní sewer backup, ìyẹn omi tó gba páìpù ìdọ̀tí padà wá. Kò ní overland flood, ìyẹn omi odò tó gba orí ilẹ̀ wọlé, ẹni tó sì ta ìwé náà fún mi kò fẹnu kàn án rí. Ọ̀gbẹ́ni tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìlà ẹrẹ̀ ara ògiri, ó ní omi odò ni. Mo ní omi ihò ló ṣáájú. Ó ní ẹ̀rí dà? Ọlọ́run ló ní kí ìyàwó mi ti ya fídíò ihò yẹn bá a ṣe ń kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó di ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ bá wá. Onímọ̀ ẹ̀rọ wá, ó kọ ìwé tí kò yé ẹnì kankan. Fáìlì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wọn ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Nígbà tí wọ́n máa san ìdajì, òtútù tún ti dé. Ra irú ìnṣọ́ránsì méjèèjì, kí o sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Má gbọ́kàn lé ìjọba o. Ohun tí ìnṣọ́ránsì bá lè bò, owó ìrànwọ́ àjálù ti ìjọba Alberta kì í san án. Láti 2021, kò sì kọjá $500,000, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni fún ilé kan. Bí ẹni tó ń tà á fún ọ bá ti gba tirẹ̀, ó tán nìyẹn.

Páǹpù. Omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ ló wà fún, iná ló sì ń lò, iná tí wọ́n máa pa lọ́jọ́ náà gan-an. Wá èyí tó ní bátìrì. Backwater valve, ìyẹn ìdérí inú páìpù ìdọ̀tí tí kì í jẹ́ kí omi padà wọlé, ló ń dá omi ihò dúró. Kí plumber ṣí i lójú rẹ. Kò sí èyí tó lè dá odò tó gba fèrèsé dúró nínú méjèèjì.

Tí omi bá kún bésímẹ́ǹtì, má fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà! Ilẹ̀ ìta ṣì mumi yó, ó ń ti ògiri, omi inú ló ń bá ọ tì í padà. Aládùúgbò mi fi jẹnẹrétọ̀ fa tirẹ̀ tán lóru, ògiri wú sínú, ó sì sán. Ọ̀rọ̀ pípa iná àti gáàsì, o mọ ìyẹn. Fírísà tí pọ̀nmọ́ àti panla ti jẹrà sí, fi téèpù dì í kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ má ṣí i. Sátífíkéètì tí o gbé ti Nàìjíríà wá, òkè ilé ni kó máa gbé.

Àwọn tó ń ṣọ́ odò á máa sọ pé àwọn ń ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yìnyín máa há sí. Tí ìkìlọ̀ bá ti wọ fóònù, gbéra.

Ṣé o ní wọ́n ti ṣe bésímẹ́ǹtì náà lọ́ṣọ̀ọ́? Tó bá jẹ́ ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun, bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀.