Gbàǹjo Ẹ̀bá Títì àbí Kóró: Èwo La Ó Fi Tún Iwájú Ilé Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún yìí la kó wọ ilé wa ní Òṣogbo, iwájú ilé sì ṣì wà ní gbayawu. Mo fẹ́ fi ixora ṣe ọgbà yí i ká, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60, mo sì fẹ́ fláwà aláràbarà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Baba kan tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì fẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ tó wà, ó wá ń ta gbogbo ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ixora tó ń tà ní ₦700 ti di ₦300, croton àti Queen of Philippines náà ti wálẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n má dá baba náà lóhùn, pé kóró ni kí n lọ wá, pé ọ̀fẹ́ ni kóró. Oṣù Kọkànlá la wà yìí, òjò sì ti ń dáwọ́ dúró. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ilé á tura o.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ jẹ́ ká wo bí fláwà kọ̀ọ̀kan ṣe ń bímọ. Croton tí ẹ dárúkọ, ẹ má wá kóró rẹ̀. Ó ń so, kóró náà sì ń hù, ṣùgbọ́n ọmọ kì í jọ ìyá. Ẹ lè ṣa kóró lábẹ́ èyí tí ewé rẹ̀ pupa tó sì ní ilà yẹ́lò, kí ó jẹ́ pé ewé tútù lásán ni ẹ ó rí. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn. Ẹ̀ka náà ni wọ́n ń gé fún ixora ọgbà. Queen of Philippines funfun tó gbajúmọ̀ yẹn, Doña Aurora lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Orúkọ Aurora Quezon, ìyàwó Manuel Quezon tó jẹ́ Ààrẹ Philippines, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Èyí yẹ́lò kékeré tó wà láàárín gan-an ni òdòdó rẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti fi han àwọn oníbàárà ní nọ́sìrì wa n'Íbàdàn, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. Òun náà, ẹ má fi kóró da ara yín láàmú.

Àwọn mẹ́ta yìí, rírà ni. Bí ẹ bá gbin ixora kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ó nílò bíi 60, ₦18,000 sì nìyẹn. Owó rẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni gbòǹgbò.

Ní ẹ̀bá títì, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń to ọ̀rá fláwà sí. Bí ọ̀rá bá pẹ́ lójú kan, gbòǹgbò á gba ihò ìsàlẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, á sì máa mu omi níbẹ̀. Ewé irú èyí máa ń dán, ó máa ń ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun gan-an sì ni ojú yín á kọ́kọ́ lọ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á tu fún yín, gbòǹgbò tó ń bọ́ ọ á já sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì tó ọ̀sẹ̀ kan, ewé á ti máa rẹ̀ dànù. Ẹrù baba tó fẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ yìí á ti pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ná an, ẹ ní kó máa gbé e sókè lójú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá di ilẹ̀ mú, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ gidigidi, ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ sọ fún baba pé kó gé gbòǹgbò tó wọlẹ̀ yẹn, kó gé orí ẹ̀ka díẹ̀ kúrò, kó sì gbé e sábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó wá gbé e. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ ọ̀rá ni. Ewé wà lókè, gbòǹgbò kò sí nísàlẹ̀. Ẹ fi ìka méjì di igi rẹ̀ mú, kí ẹ fà á díẹ̀. Èyí tó bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín bọ̀ kò tíì mú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé àti oríkèé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó rí bí òwú níbẹ̀, kòkòrò ni, ọ̀kan ṣoṣo sì tó láti kó o ran gbogbo ọgbà. Ẹ wo ojú ilẹ̀ inú ọ̀rá pẹ̀lú, torí koríko tó ní kóró nísàlẹ̀, èyí tí a ń fa ewé rẹ̀ tí kóró ń kù, inú ọ̀rá fláwà ló ti máa ń wọlé onílé.

Oṣù Kọkànlá tí ẹ dárúkọ yẹn ní ọwọ́ nínú gbàǹjo yìí. Omi ń ni ọlọ́jà lára ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní kànga, garawa ni wọ́n fi ń pọn ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Owó tí baba gé kúrò fún yín, ẹ̀yin lẹ ó máa fi omi san án títí òjò á fi padà dé. Bí ẹ bá ní kànga tàbí bọ̀hóòlù, tí ibòji kan sì wà nínú ọgbà, ẹ ra. Ẹ má tíì gbìn ín. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nínípọn sílẹ̀ lábẹ́ ibòji náà, ẹ tò ó lé e kí gbòǹgbò má tún wọlẹ̀, ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì gbìn ín sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, bíi Oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ náà, ẹ ya ọ̀rá dúdú kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti gbin fláwà tọ̀rá-tọ̀rá, gbòǹgbò kàn ń yí po lójú kan, onílé sì ń bínú sí ẹni tó tà á.

Bí omi bá ṣòro, ẹ ṣa mẹ́wàá tó dára jù, kí ẹ gba ọ̀kan sí i ní èènì, kí ẹ sì tọ́ wọn títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ẹ gé ẹ̀ka wọn, èyí tí kò rọ̀ jù tí kò sì gbó jù, bíi ínǹṣì 5, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ ki ẹ̀ka náà bọ inú yanrìn tútù lábẹ́ ibòji, kí ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó. Ixora kì í kánjú, ó lè tó oṣù méjì kó tó mú. Ọgbà náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó pé, ṣùgbọ́n ọgbà tó bára mu ni, torí àwọn ìyá díẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Fláwà ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín bá mu. Ẹ má náwó lórí Pride of Barbados. Ẹ ká èso rẹ̀ tó ti gbẹ lára igi, ẹ bu omi gbígbóná tó ti kúrò lórí iná lé kóró náà, kí ó wà níbẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni kí ẹ gbìn. Ó lè tanná kí ọdún kan tó pé. Tannápoṣó náà wà, tó ń ṣí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kóró rẹ̀ dúdú, ilẹ̀ ni ẹ ó ti ṣà á. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì fi kóró náà sẹ́nu o, májèlé ni. Zinnia àti marigold ń tanná ní nǹkan bí oṣù méjì tí a bá gbìn wọ́n. Bí Oṣù Kẹta bá ti ń parí, ẹ da ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, kí ẹ gbìn wọ́n sínú rẹ̀ lábẹ́ ibòji. Omi ife kan tó wọn lójúmọ́. Bí òjò bá fi máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á ti tó lọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mà, mo ṣa kóró masquerade, igi gíga tó rí ṣóńṣó yẹn, lábẹ́ igi rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ wa, mo fi pamọ́ sínú agolo fún oṣù mẹ́ta kí n lè gbìn ín yí ilé bàbá mi ká. Kò sí ẹyọ kan tó hù. Ṣé mo tún lè gbìyànjú, àbí kí n lọ rà? — Ọmọkùnrin Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Gbìyànjú sí i, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má fi pamọ́ mọ́. Kóró masquerade kì í fara da gbígbẹ, kò dà bíi ti Pride of Barbados tó ń fara dà á. Inú agolo yẹn ló kú sí. Èso tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ ni kí o ṣà, fọ ara rẹ̀ kúrò, kí o sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Wo abẹ́ igi pẹ̀lú, o lè rí èyí tó ti hù fúnra rẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o wú u. Bí ó bá jẹ́ royal palm lo bi mí nípa rẹ̀ ni, ǹ bá ní kí o lọ rà á, torí ọdún tó máa lò kó tó ní ìtì tó ṣeé wò pọ̀ jù fún bàbá tó ti dàgbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ra páálí kóró fláwà púpọ̀ nígbà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ó fẹ́ kó o sínú àpò bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Ṣé kò sí wàhálà? — Àbúrò Ẹ̀gbọ́n, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Wàhálà wà. Irúgbìn tó ń wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn àti ohun ọ̀gbìn wò, kí ó sì ní ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn láti ibi tó ti ń bọ̀. Bí kò bá ní i, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà ni, torí àrùn ewéko ń bá kóró rìn. Kí ẹ̀gbọ́n gbin tiẹ̀ sí Houston. Ìwọ ra zinnia àti marigold níbí, kí o yan èyí tí wọn kò kọ F1 sí lára, ìyẹn àmì kóró tí wọ́n fi irú méjì pọ̀ bí, torí kóró tí o bá ká lára F1 kì í padà jọ ìyá rẹ̀. Bí o bá gba Ìbàdàn kọjá, yà sí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso, ẹ̀fọ́ àti fláwà, ní Ìdí-Ìṣin. Fláwà wà lára iṣẹ́ tí ìjọba tìtorí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ní 1975, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ní nílẹ̀.