Oògùn aràn inú oúnjẹ màlúù: ẹ wo ẹnu ẹran kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá ó dára kí ẹ po oògùn aràn mọ́ dúsà (èèpo ọkà) fún àwọn màlúù tó ń jẹko ní pápá, kí ẹ má baà máa dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan láti da oògùn sí wọn lẹ́nu. Ìkòròdú ni èmi náà ti ń sin màlúù. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀nà náà dára, bí oúnjẹ náà bá ti ń dé ẹnu gbogbo ẹran.

Ẹ dúró ti ọpọ́n oúnjẹ wọn láàárọ̀ kí ẹ wò ó. Abo màlúù oníwo gígùn yóò fi èjìká ti àwọn yòókù sẹ́yìn, yóò jẹ tirẹ̀, yóò sì jẹ ti ẹlòmíràn, nígbà tí ọmọ màlúù tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì ti wú nítorí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò dúró lókèèrè títí ọpọ́n yóò fi gbẹ. Ọmọ yẹn gan-an la torí rẹ̀ ra oògùn! Èyí tó bá sì jẹ díẹ̀ náà léwu, nítorí oògùn tí kò tó máa ń dá àwọn aràn tó lágbára sí láti máa yé ẹyin, tí oògùn náà kò fi ní í ràn wọ́n mọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí náà, mo máa ń ya àwọn kéékèèké sọ́tọ̀, mo sì máa ń tẹ́ ọpọ́n gígùn tí gbogbo wọn lè jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ìwọ̀n tí a fi yí àyà wọn ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú ni mo fi ń mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Mílígíráàmù 5 fenbendazole, oògùn aràn tí mo ń lò, ni fún kílò kan, nítorí náà màlúù oníkílò 200 nílò gíráàmù 1 fenbendazole gan-an. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ dúsà díẹ̀, kí ẹ tó fi ìyókù kún un díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ ti wú kì í sábà jẹun dáadáa; ẹnu ni kí ẹ da tirẹ̀ sí.

Bí pápá yín bá ní àbàtà tí ìṣáwùrú tó ń gbé aràn inú ẹ̀dọ̀ wà, ìwọ̀n fenbendazole yìí kò ní í ran aràn náà. Albendazole, oògùn aràn mìíràn, mílígíráàmù 10 fún kílò kan ló ń pa àwọn tó ti dàgbà nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún abo tí oyún rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ 45.

Ẹ gbé ìgbẹ́ wọn lọ fún dókítà ẹranko lọ́jọ́ tí ẹ fún wọn lóògùn, kí ẹ tún gbé e lọ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 14. Bí ẹyin aràn kò bá dín ní ìdá 95 nínú 100, yálà oúnjẹ náà kò kárí, tàbí oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó lọ sí odò ẹran Oko-Ọba, kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn pé kí ẹ dúró lẹ́yìn lílò rẹ̀ pé kí ẹ tó tà á.