Kíìtì itọ́ àti oògùn tí ò bá yín lára mu

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti ń lo citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yẹn, lọkàn yín ti ń lù kìkì, tẹ́ ẹ sì ń làágùn lóru, ṣé kẹ́ ẹ ra kíìtì DNA tí wọ́n ń tutọ́ sí ni. Bó ṣe ń ṣe yín yẹn gan-an ló ṣe èmi náà ní Houston níbí, 40 mg ni wọ́n kọ fún mi, òòyì ń kọ́ mi, mi ò rí oorun sùn, dókítà ní ó máa mọ́ mi lára, kò mọ́ mi lára rárá.

Mo wá ra ti 23andMe, ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ DNA wò látinú itọ́, èyí tó ní ti ìlera nínú o, torí èyí tó ń sọ ibi tí ìran yín ti wá nìkan ò ní sọ nǹkan kan nípa oògùn. Èsì dé, wọ́n ní jíìnì CYP2C19 mi, àti èyí tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá àtèyí tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá, ìkankan ò ṣiṣẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè fọ́ oògùn yẹn túútúú kó lè jáde lára, tèmi ò fọ́ ọ, a jẹ́ pé tàná ò tíì tán lára mi tí mo tún ti da tòní lé e. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé irú wa ò gbọdọ̀ lò ju 20 mg lóòjọ́. Apòògùn ni mo kọ́kọ́ mú èsì náà lọ bá, òun ló bá mi kọ̀wé sí dókítà, wọ́n dín in kù, oorun padà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé jíìnì kan náà yìí, tó bá jẹ́ clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fi stent (páìpù kékeré tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀) sí lọ́kàn ni, òdìkejì ló máa ṣe. Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ̀dọ̀ bá kọ́kọ́ yí i padà, nítorí náà kò ní pọ̀ jù lára mi, ṣe ni agbára ẹ̀ ò ní tó, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì. Mo ti kọ ìyẹn sínú fóònù mi níbi tí wọ́n ti lè rí i láìṣí páásíwọ̀ọ̀dù.

Àmọ́ kíìtì náà ò mọ gbogbo ẹ̀ o. Jíìnì míì, CYP2D6, ló ń ṣiṣẹ́ lórí codeine àti tramadol, kò sí nínú èsì tí wọ́n fún mi. Chloroquine tó máa ń yún wa lára nílé ńkọ́? Wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ warfarin, òun náà oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ẹ̀yà jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní CYP2C9*8, tó jẹ́ pé ara àwa aláwọ̀ dúdú ló ti wọ́pọ̀, tẹ́ẹ̀sì míì wà tí kì í wò ó, wọ́n á kàn ní kò síṣòro. Tí íńṣọ́ránsì yín bá lè sanwó ẹ̀, ẹ ní kí dókítà ṣe ti láàbù, ó máa ń kún jùyẹn lọ.

Ẹ má dédé dá citalopram yẹn dúró o, orí á máa ṣe yín bí ẹni pé iná ń gbé e. Kẹ́ ẹ tó náwó, ṣé ẹ ń lo omeprazole fún ọ́sà? Torí òun náà máa ń dí CYP2C19 lọ́wọ́, bí jíìnì yín tiẹ̀ dáa. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ apòògùn ná, ó lè jẹ́ òun ni.