Èsì: Ẹ má jẹ́ kó ju Físíìsì sílẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín tó wà ní SS1, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, lè ju Físíìsì sílẹ̀ torí pé ó le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò ṣe ní JAMB. Ní WAEC, ó gbọ́dọ̀ gba kírẹ́díìtì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tún gbà á nínú Ìṣirò. Ẹ tètè wá olùkọ́ fún un. Èmi fi falẹ̀ lórí àkọ́bí mi, ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé. Ó ṣì ń dùn mí. Tó bá jẹ́ UI ló wù ú, òun ni kó fi ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB.