Kí ni wọ́n ń dù nínú roller derby àwọn obìnrin?

Ẹ ní ẹ wo fíìmù dọkumẹ́ńtárì kan nípa eré yìí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ rí àwọn obìnrin tó wọ bàtà onítáyà tí wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, àmọ́ ẹ ò rí bọ́ọ̀lù kankan.

Ẹni tó ní ìràwọ̀ lára àṣíborí ni kí ẹ máa wò. Jammer ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ènìyàn 5 lórí pápá: jammer 1, adènà 4. Jammer á kọ́kọ́ la àárín àwọn adènà kọjá lẹ́ẹ̀kan, á wá sáré yí pápá ká padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà kejì lọ, alátakò kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá jẹ́ máàkì 1. Ìsáré kan kì í ju ìṣẹ́jú 2 lọ, gbogbo eré sì jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Èèwọ̀ ni kí wọ́n fi ìgbúnwọ́ tàbí orí gbá ènìyàn.

Chicago ni Leo Seltzer ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935. Àwọn obìnrin ìlú Austin, ní Texas, ló jí i dìde ní 2001, ìyẹn ló sì wú mi lórí jù: àwọn eléré fúnra wọn ló ń darí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyí, wọ́n ń dáwó bí àwọn ìyá wa ṣe ń dáwó ẹgbẹ́.

Ó ṣeé ṣe ní Èkìtì o! Gbọ̀ngàn onísìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ti tó, kí ẹ fi téèpù sàmì sílẹ̀. Ẹ má lo títì, òkè wa ti pọ̀ jù.