Èsì: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ní ẹ̀wọ̀n Broad Street

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá àgbà yín wà ní ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó nígbà kan, tẹ́ ẹ sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ wá tì yẹn, ibẹ̀ ni sitéèjì ńlá Freedom Park, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n fi ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ṣe, wà báyìí, ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń jó níbẹ̀ láì mọ̀.

Ẹ má wá ilé ẹ̀wọ̀n fúnra ẹ̀, wọ́n ti wó o ní 1979. Amọ̀ àti koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní 1882, àwọn tó ń bá ìjọba òyìnbó jà dáná sun ún, ni wọ́n bá kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní 1885. Herbert Macaulay náà ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ayé òyìnbó ni bàbá àgbà yín wà níbẹ̀, ẹ lọ wá orúkọ wọn ní National Archives Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ sí, kẹ́ ẹ mú ọdún ẹjọ́ wọn dání.