Ẹ má tíì da ọ̀dà o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ ìlú ti dáwó jọ, pé ṣé kẹ́ ẹ fi da ọ̀dà sójú títì àtijọ́ tó wọ ìlú yín láti Òmù-Àrán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Omi ló ń pa títì. Tiwa nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ̀ẹ̀rùn la da ọ̀dà lé e, òjò méjì péré ó ti ń bó bí èèpo iṣu, torí kò sí gọ́tà, iyanrìn sì ti dí kọ́fátì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, pa. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì yẹn. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bíi Ìlọrin sí Kábà, FERMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tún títì ṣe, lẹ máa kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ ọ̀nà oko sí ọjà, RAAMP, iṣẹ́ àkànṣe ìjọba fún ọ̀nà ìgbèríko, wà ní Kwara, Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó ń yá wọn lówó.

Owó ọwọ́ yín, ẹ fi gba ẹnjiníà tó máa wọn ọ̀nà, tó máa gbẹ́lẹ̀ wò, tó máa kọ iye tó máa ná yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá káńsù àti ọnọrébù yín kí wọ́n tó jókòó ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kó iyanrìn inú kọ́fátì kúrò.